Bí ẹ ṣe lè dín wíwo fóònù kù láì pàdánù oníbàárà

Léèsì ni mo fi kọ́gbọ́n. Oníbàárà kan gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Àró, nílùú Àkúrẹ́. Aṣọ ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ ni, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an sì ni ayẹyẹ. Mo ti rán an tán, ó ku kí n lọ̀ ọ́. Mo gbé áyọ́ọ̀nù lé e, fóònù mi dún, mo ní kí n yára wo ẹni tó kọ̀wé. Kì í ṣe oníbàárà kankan. Ẹnì kan ló fi fídíò apanilẹ́rìn-ín sórí gúrúùpù àwọn tá a jọ kàwé. Mo wò ó tán, òmíràn tẹ̀ lé e. Òórùn ló pè mí padà. Mo san ₦35,000, mo sì sunkún.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó jọ pé wọn ò ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n á ní kí ẹ pa fóònù, kí ẹ tì í mọ́ inú dúróòwá títí di alẹ́. Tí mo bá pa tèmi, ta ló máa gbọ́ àláàtì nígbà tí oníbàárà bá ní òun ti fowó ránṣẹ́? Báwo ni ìyàwó ọ̀nà Ìjàpọ̀ tó fẹ́ yí ọrùn aṣọ rẹ̀ padà ṣe máa rí mi? Nítorí náà, ẹni tí fóònù jẹ́ irinṣẹ́ fún ni mo ń bá sọ̀rọ̀: aránṣọ, onídìrí, ẹni tó ń ta ẹja tútù tó ń gba owó sí báńkì, ẹni tó ń fi POS jẹun.

Mo ti pinnu lọ́kàn mi tó ìgbà mẹ́wàá, kò ṣiṣẹ́. Ibi tí fóònù ń gbé ni mo wá yí padà, ìyẹn ló ṣiṣẹ́. Maṣíìnì mi ní ibi tó ń jókòó sí, mi ò gbé e wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rí. Fóònù nìkan ló ń tẹ̀ lé mi kiri bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú.

Àkọ́kọ́, ẹ wọ̀n ọ́n

Aránṣọ kì í gé aṣọ kó tó fi téèpù wọn oníbàárà. Fóònù yín fúnra rẹ̀ ti ń ka wákàtí sílẹ̀ dè yín. Ọdún 2018 ni Google gbé Digital Wellbeing jáde fún Android, ọdún yẹn náà sì ni Apple fi Screen Time sórí iPhone. Tó bá jẹ́ Tecno, Infinix, itel tàbí Samsung lẹ ń lò, ẹ wọ inú Settings, kí ẹ wá Digital Wellbeing. Tí ẹ ò bá tètè rí i, ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ sí àyè ìwákiri tó wà lókè Settings. Lórí iPhone, inú Settings náà ni Screen Time wà. Bí fóònù yín bá kéré débi pé kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ fi bírò fa ìlà kan sórí ìwé nígbàkígbà tí ẹ bá gbé e. Ìlà náà á sọ tó.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò: wákàtí tí ẹ lò lóòjọ́, áàpù tó jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, àti iye ìgbà tí ẹ ṣí fóònù. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta wò ó láì yí nǹkan kan padà. Èmi rí wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 40. Mo ṣí i nígbà 131 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo kọ́kọ́ rò pé fóònù ń purọ́ mọ́ mi ni. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìwọ̀n mi, sí ẹ̀yìn ojú ewé ìyá kan tí ìdí rẹ̀ jẹ́ 46, torí ìwé yẹn ni mi ò lè sọ nù.

Ìkejì, ẹ ya iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára eré

Ẹ mú ìwé kan, ẹ fa ìlà sí àárín rẹ̀. Ní apá ọ̀tún, ẹ kọ ohun tó ń mú owó wọlé tàbí tí ẹbí fi ń rí yín. Tèmi ni ìpè, WhatsApp, àláàtì báńkì, àti kámẹ́rà tí mo fi ń ya iṣẹ́ tí mo bá parí. Ní apá òsì, ẹ kọ ìyókù. Ẹ má bójú wo ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin nìkan lẹ máa kà á.

Ibi tó ti le ni ohun tó wà láàárín méjèèjì. Tiwa tí à ń ránṣọ ni "mò ń wo sítáìlì." Irọ́ tí mo pa fún ara mi jù lọ nìyẹn láyé yìí. Mo máa ṣí Instagram láti wá àpẹẹrẹ apá aṣọ kan, lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùndínlógójì ẹ máa bá mi lórí àwòrán ilé òṣèré kan àti ajá rẹ̀. Onídìrí náà á ní òun ń wo irun. Aṣerunlóge, agbọ́únjẹ, káfíńtà, kálukú ló ní tiẹ̀. Bí mo ṣe yanjú rẹ̀ nìyí: ọjọ́ Tuesday ni mo ń wá sítáìlì, láti aago mẹ́rin sí aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, aago ògiri ni mo sì fi ń ṣọ́ ara mi. Mo máa tọ́jú ogún àwòrán sínú fóònù. Tí oníbàárà bá dé láàárín ọ̀sẹ̀, inú àwòrán tí mo ti tọ́jú ni mo ti ń fi hàn án, mi ò tún ní padà sórí Instagram. Tí kò bá rí èyí tó fẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni kó wá tiẹ̀ wá lórí fóònù tirẹ̀.

Ìkẹta, ẹ pa á lẹ́nu mọ́

Ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Notifications, kí ẹ máa pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi báńkì sílẹ̀. Ẹ fi ìpè sílẹ̀, ẹ tilẹ̀ gbé ohùn rẹ̀ sókè dáadáa. Facebook, TikTok, Instagram, YouTube, áàpù bọ́ọ̀lù, áàpù ìtajà tó ń sọ pé bàtà ti dín owó: ẹ pa gbogbo wọn. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

WhatsApp ló gba sùúrù, torí inú rẹ̀ ni iṣẹ́ àti àríyá ti jọ ń gbé yàrá kan. Mo ka gúrúùpù tí mo wà nínú rẹ̀: ti ẹbí bàbá, ti ẹbí ìyá, ti girama, ti ẹgbẹ́ aránṣọ, ti àwọn onílé àdúgbò, ti ìjọ, àti ti aṣọ ẹbí ìgbéyàwó kan tí wọ́n ti ṣe lọ́dún tó kọjá. Ọmọ tọkọtaya náà ti ń rákò, gúrúùpù kò tíì tú.

Ẹ ṣí gúrúùpù kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ lókè, ẹ mú Mute, kí ẹ sì mú Always. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá dìídì fi àmì @ dárúkọ yín, tàbí tó fèsì sí ohun tí ẹ kọ, ó ṣì máa dún, nítorí náà ọ̀rọ̀ pàtàkì kò ní fò yín dá. Lẹ́yìn náà, ẹ kó wọn sínú Archive. Láti ọdún 2021, ohun tó bá ti wọ Archive kì í tún sáré jáde wá sókè nígbà tí mẹ́sééjì tuntun bá wọlé, àyàfi tí ẹ bá yí i padà. Àwọn oníbàárà nìkan ló máa ṣẹ́ kù lójú yín.

Ẹ gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé èyí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti padà sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ọ̀wọ̀ pè mí, wọ́n ní, "Ìwọ náà ti wá di èèyàn ńlá. A ò rí ẹ lórí gúrúùpù mọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo. Ní ilé wa, ẹni tí kò bá kí àgbà lówùúrọ̀ lórí gúrúùpù, ó dà bí ẹni tó gba iwájú wọn kọjá láì kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Alaalẹ́ ni mo máa ń wọlé báyìí, iṣẹ́ ló pọ̀." Látìgbà náà, aago mẹ́jọ alẹ́ ni mo máa ń wọ gúrúùpù ẹbí, mo máa kí ẹni tó ṣọjọ́ìbí, mo máa ṣe àmín sí àdúrà, mo máa jáde láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọjọ́ Àìkú ni mo sì ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi fúnra wọn. A máa ń sọ̀rọ̀ tó ìṣẹ́jú mẹ́fà. Wọn ò tún dárúkọ gúrúùpù mọ́.

Ní ti àwọn oníbàárà, ẹ gba WhatsApp Business, tó ti wà láti 2018, ọ̀fẹ́ ni. Ó ní ohun tí wọ́n ń pè ní away message: ẹ máa kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, òun ni yóò máa dá ẹni tó bá kọ̀wé lóhùn nígbà tí ẹ ò bá sí nítòsí. Tèmi rèé, ẹ lè mú un lò:

"Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ọwọ́ mi dí. Aago kan ọ̀sán àti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń dáhùn. Tó bá jẹ́ ohun tó kánjú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí. Ẹ ṣeun."

Mo bẹ̀rù pé wọ́n á sá lọ. Kò sẹ́ni tó sá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn tó máa ń béèrè "Ṣé ó ti parí?" nígbà márùn-ún lójúmọ́ wá ń béèrè lẹ́ẹ̀kan. Tí àmì aláwọ̀ búlúù bá ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín yín, pé ẹ ti rí i ẹ ò fèsì, ẹ wọ Settings, Privacy, ẹ pa Read receipts. Ẹ̀yin náà ò ní rí ti ẹlòmíràn mọ́, ti inú gúrúùpù kò sì ṣeé pa.

Ìkẹrin, ẹ fún un ní ìjókòó

Tí ẹ ò bá ní ṣe ju ẹyọ kan lọ nínú gbogbo ohun tí mo kọ, ẹ ṣe èyí.

Lórí kọ́bọ́ọ̀dù tí mò ń kó aṣọ tó ti parí sí ni fóònù mi ń gbé, ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Mi ò fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn o, kí olè má bàa bá mi dín wíwo rẹ̀ kù. Ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án ni láti orí àga mi, ibẹ̀ náà ni wáyà ṣáájà wà. Tó bá dún, mo máa dìde lọ bá a. Ibẹ̀ ni mo máa dúró dáhùn, mi ò ní gbé e padà wá sórí àga. Ìdúró yẹn gan-an ni oògùn. Ẹsẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn wo ogún fídíò lórí ìdúró.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá àwọn nǹkan tí fóònù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn padà. Mo ra aago ògiri àti aago kékeré tó ń dún láàárọ̀ ní Ọjà Ọba, mo sì gbé kalikulétọ̀ sórí tábìlì, torí "kí n kàn wo aago" ni ilẹ̀kùn tí mo máa ń gbà wọlé. Rédíò kékeré ló ń sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, Àdàbà 88.9 ni lọ́pọ̀ ìgbà. Rédíò kì í béèrè ojú lọ́wọ́ yín, ẹ lè máa gbọ́ ọ kí abẹ́rẹ́ máa ṣiṣẹ́.

Ẹ má gbàgbé tọ́ọ̀ṣì. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ bíi tiwa, òun ni ìdẹkùn tí ẹnikẹ́ni kì í fura sí. Iná lọ, ẹ na ọwọ́ sí fóònù kí ẹ lè rí ìloro, ojú yín bọ́ sórí mẹ́sééjì mẹ́rin. Ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà iná ti dé, ẹ ṣì dúró ní ìloro. Tọ́ọ̀ṣì tó ń gba ṣáájì kan lẹ́bàá ibùsùn, òmíràn ní ilé ìdáná, ó parí. Bẹ́ẹ̀ náà ni iná tó máa ń dé ní aago kan òru tí gbogbo ilé máa jí dìde láti fi fóònù sí ṣáájì. Ẹ jẹ́ kí fóònù sùn ní pálọ̀ pẹ̀lú wáyà rẹ̀ lára. Tí iná bá dé, òun fúnra rẹ̀ á jẹun.

Ìkarùn-ún, ẹ ba adùn rẹ̀ jẹ́

Ẹ rántí pé nígbà kan, ojú ewé orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń tán. Ẹ máa dé ìsàlẹ̀, ẹ máa tẹ èyí tó kàn, láàárín ìgbà yẹn ọkàn yín lè sọ pé ó tó. Ní 2006 ni ará Amẹ́ríkà kan, Aza Raskin, ṣe ètò tó mú kí ojú ewé máa gùn sí i fúnra rẹ̀ láì dúró. Ó ti sọ ní gbangba pé òun kábàámọ̀ rẹ̀. Èyí tí à ń fi ìka fà wálẹ̀ kí ohun tuntun lè jáde, ọmọ ìyá kàlòkàlò ni. Onímọ̀ ìrònú ará Amẹ́ríkà kan, B. F. Skinner, ti fi ẹyẹlé àti eku wo irú rẹ̀ ṣáájú kí fóònù tó dé: tí oúnjẹ bá ń jáde nígbà mìíràn, tí kò sì jáde nígbà mìíràn, ẹranko náà kò ní yé tẹ ibi tó ń tẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ẹni tó jókòó ti kàlòkàlò rí ti mọ ìyókù. Nítorí náà, ẹ má pe ara yín ní ọ̀lẹ. Wọ́n dìídì ṣe é kó má tán ni.

Ohun tí ẹ lè ṣe:

Ẹ yọ áàpù Facebook àti TikTok kúrò. Tí ẹ bá fẹ́ wo Facebook, ẹ gba inú Chrome wọlé, kí ẹ sì jáde pátápátá lẹ́yìn rẹ̀, kó lè jẹ́ pé ẹ máa tẹ password nígbà gbogbo. Wàhálà yẹn dára.

Ní YouTube, ẹ pa autoplay, ohun tó ń mú kí fídíò tẹ̀ lé fídíò fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá tún pa watch history, àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ ti wò, tí ẹ sì nu èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ojú ewé àkọ́kọ́ á ṣófo. Ohun tí ẹ wá wá nìkan lẹ máa rí.

Ẹ sọ ojú fóònù di dúdú àti funfun. Lórí ọ̀pọ̀ Android, ó wà nínú Bedtime mode ní Digital Wellbeing, wọ́n ń pè é ní grayscale. Lórí iPhone, Settings, Accessibility, Display & Text Size, Color Filters. Ẹ̀yin aránṣọ, ẹ gbọ́ o: ẹ má ṣe é lójú ọ̀sán. Mo ṣe é lọ́sàn-án, oníbàárà fi àwòrán òwú tó fẹ́ ránṣẹ́, mo ra àwọ̀ ewé dípò àwọ̀ omi òkun. Tèmi ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́ títí di aago méje àárọ̀. Fídíò dúdú àti funfun kò dùn wò rárá, oorun ló máa ń wù mí.

Ìkẹfà, ẹ jẹ́ kí dátà bá yín ṣọ́ ọ

Digital Wellbeing lè fún áàpù ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú, kó tì í tó bá pé. Mi ò gbára lé e. Ọwọ́ tó ti í náà ló ń ṣí i, ìṣẹ́jú kan kò pé. Lórí iPhone, ẹ lè fi passcode sí Screen Time, kí ẹlòmíràn mọ ọ́n dípò yín. Ìyẹn sàn díẹ̀, tí ẹni náà kò bá ní àánú.

Dátà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀, gba àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù láyè láti fi owó kún ohun tí wọ́n ń tà, títí dé ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Èmi náà wà lára àwọn tó pariwo. Mo wá fi ìbínú yẹn ṣiṣẹ́: mo jáwọ́ nínú dátà ńlá olóṣù, èyí tó ń jẹ́ kéèyàn máa wo nǹkan kó má bàa ṣòfò, mo ń ra kékeré tí WhatsApp á tó. Tó bá tán kí ọjọ́ tó pé, ó tán. Kí ẹ má bàa pàdánù iṣẹ́, ẹ wọ WhatsApp, Settings, Storage and data, ẹ pa Media auto-download, kí fídíò gúrúùpù má jẹ dátà oníbàárà. Ẹ sì sá fún dátà òru. Owó rẹ̀ kéré lóòótọ́, àmọ́ oorun yín lẹ fi ń san ìyókù.

Ìkeje, àwọn ọmọ iṣẹ́ àti ọwọ́ tó ṣófo

Ọmọ iṣẹ́ méjì ló wà lọ́dọ̀ mi. Mo gbé agbọ̀n kan sí ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, mo ní kí wọ́n máa ju fóònù wọn síbẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án. Wọ́n dijú mọ́rí. Ọ̀kan ní, "Àǹtí, tí màmá mi bá pè ńkọ́?" Mo ní kí màmá rẹ̀ pe tèmi. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n gbà kì í ṣe àṣẹ mi, tèmi ni wọ́n kọ́kọ́ rí lórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Tí fóònù bá kúrò lọ́wọ́, ọwọ́ á máa wá nǹkan dì mú, pàápàá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ fún un ní nǹkan kí alẹ́ tó lẹ́. Mo máa ń gbé aṣọ tó ku ìṣẹ́tí tàbí bọ́tìnnì relé. Àwọn kan á ta ayò. Ọjọ́ Sátidé kan, a kó àwọn ọmọ lọ sí Òkè Ìdànrè, àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ kò rántí TikTok.

Àkúrẹ́ sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń ti ọjà. Ọjọ́ ọdún Aheregbe, ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, ìlú kò sì parẹ́. Mo ya àkókò kékeré sọ́tọ̀ fún fóònù bẹ́ẹ̀: ọjọ́ Àìkú, láti ìgbà tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé títí di aago mẹ́rin, pípa ni ó wà. Àwọn oníbàárà mi ti mọ̀.

Tí ẹ bá ṣubú

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo ṣubú. Ibà dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, fóònù wà lábẹ́ ìrọ̀rí, mo lo wákàtí 9 lọ́jọ́ kan. Mi ò tún gbogbo ètò bẹ̀rẹ̀. Mo kàn gbé fóònù padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù ní àárọ̀ tí mo padà síṣẹ́, mo sì kọ 9 yẹn sínú ìwé pẹ̀lú àwọn ìyókù.

Ọjọ́ Àìkú ní aago mẹ́rin, tí mo bá tan fóònù, nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Èyí tó kọjá jẹ́ wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 10 lóòjọ́. Ó lé ní ìdajì rẹ̀ tó jẹ́ ti àwọn oníbàárà, mi ò bá ìyẹn jà. Ìṣẹ́jú 25 kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ Instagram, lọ́jọ́ tí kì í ṣe Tuesday. Mo ti fi bírò pupa yí i ká.